Ilé Kò Ṣeé Kọ̀, Òrìṣà Ṣeé Yàn: Òkukù àti Ọ̀nà Méjì Ṣáínà Àtijọ́

Bí a bá bi ọmọ bíbí ìlú Òkukù pé ta ni í ṣe, ìdáhùn méjì ló wà nílẹ̀ fún un. Àkọ́kọ́ ni ilé tí wọ́n ti bí i: ilé Ọba ni o, ilé Ọ̀jọ̀mu ni o, ilé Balógun ni o. Kò bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó bí i síbẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tó lè ní òun kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ mọ́. Ìkejì ni ohun tó ń sìn. Láyé àwọn baba ńlá wa, Ọ̀tìn lè jẹ́ ti baálé, Ọya ti ìyàwó rẹ̀, Ṣàngó ti àbúrò rẹ̀, kí gbogbo wọn sì jọ máa gbé agboolé kan. Nínú ìdáhùn kejì yìí, ẹni náà ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó lè jogún òrìṣà, Ifá lè yan òrìṣà fún un, òun fúnra rẹ̀ sì lè gba ojúbọ mìíràn lọ lọ́jọ́ tí ìṣòro bá dé.

Ọ̀nà méjèèjì yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé: bí wọ́n ṣe ń gbé inú ènìyàn kan láìjà, àti ohun tí ìlú ń pàdánù bí ọ̀kan bá lọ. Mo mú Ṣáínà àtijọ́ wá sínú ọ̀rọ̀ náà nítorí pé àwọn náà ní ọ̀nà méjì tó jọ èyí, ti Kongzi àti ti Dao, wọ́n sì rìn ín fún ohun tó ju ẹgbàá ọdún lọ. Ẹni tó bá wo tiwọn yóò túbọ̀ mọ tiwa.

Ogun ló fa ọ̀rọ̀ náà ní Ṣáínà. Agbára ọba Zhou, tó yẹ kó so gbogbo ilẹ̀ náà pọ̀, ti dín kù títí ó fi di orúkọ lásán. Àwọn ìjọba tó wà lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti ara wọn, ọ̀rọ̀ náà sì burú jù lọ láàárín ọdún 475 sí 221 ṣáájú ìbí Kristi. Kongzi, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Confucius, gbé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ rúkèrúdò yìí. Ìjọba Lu ni wọ́n ti bí i, ní Qufu, lọ́dún 551 ṣáájú ìbí Kristi. Ó sì kú lọ́dún 479. Lójú tirẹ̀, ayé dàrú nítorí pé kò sí ẹni tó dúró ní ààyè rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ wá to àjọṣe márùn-ún tó gbé ayé ró: ọba àti ìjòyè, baba àti ọmọ, ọkọ àti aya, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ojúṣe tirẹ̀. Bí a ṣe ń kí àgbà, bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀, bí a ṣe ń gbé oúnjẹ síwájú àwọn baba ńlá, gbogbo rẹ̀ ló ní ìlànà. Ẹni tó bá ń pa ìlànà náà mọ́ láti kékeré, ìwà rere yóò mọ́ ọn lára. Irú ènìyàn tí Kongzi fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ kò jìnnà sí ẹni tí àwa ń pè ní ọmọlúwàbí.

Àwọn ẹlòmíràn wo ogun kan náà, wọ́n sì rí ìdí mìíràn fún un. Ní tiwọn, àṣejù ló ba ayé jẹ́: òfin lórí òfin, oyè lórí oyè, ọba tí kò jẹ́ kí ará ìlú sinmi. Dao, ìyẹn ọ̀nà tí ohun gbogbo gbà wà, kò nílò kí ènìyàn máa tì í látẹ̀yìn. Ìwé tí wọ́n ń pè ní Daodejing ló gbé ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀, ní orí 81, pẹ̀lú nǹkan bí 5,000 àmì ìkọ̀wé Ṣáínà. Ìtàn ní Laozi, tó ń tọ́jú ìwé láàfin Zhou, ló kọ ọ́. Lọ́dún 1993, àwọn awalẹ̀pìtàn hú apá kan lára rẹ̀ jáde nínú sàréè kan ní Guodian, lórí pẹlẹbẹ ọparun tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi. Omi ni ìwé náà fi ń kọ́ni jù: ó rọ̀, ibi tó rẹlẹ̀ ló máa ń wá lọ, síbẹ̀ kò sí ohun líle tó lè dúró dè é títí. Zhuangzi, tó tẹ̀ lé ọ̀nà yìí, rí àwọn ìránṣẹ́ ọba Chu lọ́jọ́ kan tí wọ́n wá fi oyè ńlá lọ̀ ọ́ níbi tó ti ń pẹja. Ó bi wọ́n léèrè nípa ìjàpá kan tí ọba náà ń tọ́jú èèpo rẹ̀ sínú ojúbọ: ṣé òkú tí wọ́n ń bọ ni ìjàpá yẹn ìbá fẹ́ jẹ́, àbí alààyè tó ń wọ́ ìrù nínú ẹrẹ̀? Wọ́n ní alààyè ni. Ó ní kí wọ́n máa lọ, ẹrẹ̀ ni tòun.

Òkukù náà mọ ohun tí ogun ń ṣe fún ìlú. Ìtàn ìlú ní Kookin ni àwọn baba ńlá wà tẹ́lẹ̀ kí ogun Ìjẹ̀ṣà tó fọ́ ọ, kí wọ́n tó tẹ Òkukù dó. Nígbà tí ogun Ìlọrin àti ti Ìbàdàn gba gbogbo àgbègbè Ọ̀tìn kan, tí ogun Jálumi jà ní Ìkirun lọ́dún 1878, Ìkirun ni àwọn ará Òkukù sá pamọ́ sí. Ìgbà tí ogun Kírìjì tú ká lọ́dún 1893 ni wọ́n tó padà wálé. Ìlú tó ti rí irú èyí mọ iyì kí ènìyàn mọ ibi tí òun ti wá.

Ohun tí ilé ń ṣe nìyẹn. Àwọn ilé Òkukù kò ti orírun kan ṣoṣo wá. Ìdílé ọba ń tọ́ka sí Àrámọ̀kọ́ ní ilẹ̀ Èkìtì, àwọn ilé mìíràn sì ti orílẹ̀ tiwọn wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èèwọ̀ rẹ̀, oyè rẹ̀ àti egúngún rẹ̀. Oríkì orílẹ̀ ló ń so ọmọ mọ́ ìlú tí kò dé rí. Bí ìyá bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún, oríkì ni. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, oríkì ló fi ń dá a lóhùn. Bí ọmọbìnrin bá ń relé ọkọ, rárà ìyàwó ni yóò fi dágbére fún àwọn òbí, yóò fi gba ìre lẹ́nu wọn, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ pé ọmọ tó nílé ló ń lọ. Ọjọ́ pípẹ́ ni ọmọbìnrin fi ń kọ́ rárà náà lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin. Kongzi ìbá mọ rírì ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìlànà ni òun náà fẹ́ kó kọ́ ọkàn.

Egúngún ló gbé ọ̀nà ilé dé góńgó. Ará ọ̀run ni, àwọn baba tó ti kú tí wọ́n padà wá wo ọmọ wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń mú tirẹ̀ jáde, Alágbàá ló sì ń darí awo. Kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá baba tó ń bọ̀ yìí ṣe dáadáa láyé kí wọ́n tó kúnlẹ̀ fún un. Baba ni, ó sì tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀wọ̀ òbí rí lọ́dọ̀ Kongzi: kò rọ̀ mọ́ bí ìwà òbí ṣe rí, àjọṣe náà fúnra rẹ̀ ló bí i. Ìdí nìyí tí ilé kò fi ṣeé kọ̀. Ibi tí ọmọ bá wà láyé, ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ilé yẹn ló jẹ́.

Ní ti òrìṣà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, kò sì sí ibi tó ti hàn tó odò Ọ̀tìn. Odò yìí ló fún ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn lórúkọ, èyí tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Òkukù. Ó ń ṣàn lọ bá Erinlẹ̀, Erinlẹ̀ sì ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Ìtàn tí wọ́n ń pa ní Ìnísà ni pé jagunjagun obìnrin ni Ọ̀tìn, tó ti Ọ̀tan wá láti bá wọn lé ọ̀tá, tó sì di odò níkẹyìn. Ìnísà àti Òkukù ló ń bọ ọ́. Obìnrin tó ń wá ọmọ lè lọ síbẹ̀, kó pọn omi rẹ̀, kó sì jẹ́jẹ̀ẹ́. Bí ọmọ bá dé, yóò san ẹ̀jẹ́, yóò sì di ẹni Ọ̀tìn láìwo irú ilé tó ti wá. Bí omi odò yìí kò bá sì gbè é, kò sí ẹni tó ní kó má lọ sí ibòmíràn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: òrìṣà, bí o kò lè gbè mí, fi mí sílẹ̀ bí o ṣe bá mi.

Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù fún ọdún díẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980 láti kọ́ nípa oríkì, rí agbára tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1981, ó kọ àròkọ kan láti fi hàn pé bí òrìṣà ṣe ń ran ènìyàn lọ́wọ́ ni ènìyàn ń gbé òrìṣà ga. Òrìṣà tí kò bá ní olùsìn mọ́, iyì rẹ̀ á wọmi. Ẹni tó bá ń sin òrìṣà mọ̀ pé òun náà wúlò. Èyí ń fún tálákà ní ohun tí ilé kì í fún un. Nínú ilé, àbúrò ni àbúrò títí ayé, ìyàwó tó dé kẹ́yìn ni yóò máa wo ẹ̀yìn àwọn ìyáálé. Ṣùgbọ́n bí òrìṣà bá gun obìnrin kan náà, ọkọ rẹ̀ gan-an yóò dọ̀bálẹ̀ láti gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

Níhìn-ín ni Ọ̀tìn àti ọ̀nà Dao ti pàdé, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti yà. Wọ́n pàdé nítorí pé méjèèjì ń ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹni tí ipò ti sé mọ́lé, àti nítorí pé méjèèjì gbé ohun tó rọ̀, tó jẹ́ ti obìnrin àti ti omi, sí ipò ńlá. Wọ́n yà nítorí pé Laozi àti Zhuangzi kò bá odò kankan dá májẹ̀mú. Wọ́n ní kí ènìyàn dẹ́kun ìbéèrè ni. Ìgbà tí ọ̀nà wọn di ẹ̀sìn ló tó súnmọ́ tiwa. Lọ́dún 142 lẹ́yìn ìbí Kristi, Zhang Daoling dá ìjọ kan sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà. Wọ́n ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, aláìsàn ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ ìjọ ń san òṣùwọ̀n ìrẹsì márùn-ún, obìnrin sì lè di àlùfáà. Ará Òkukù àtijọ́ tó bá dé ibẹ̀ kò ní ṣàjèjì rárá.

Ibi tí a ti lè rí ọ̀nà méjèèjì nínú ohun kan ṣoṣo ni òkú. Kongzi fẹ́ kí ọmọ ṣọ̀fọ̀ òbí wọ ọdún kẹta, nínú aṣọ líle, láìgbọ́ orin. Ti Zhuangzi kọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Huizi bá a tó jókòó sílẹ̀, tó ń lu abọ́ bí ìlù, tó ń kọrin. Huizi bá a wí. Ó fèsì pé òun kọ́kọ́ sunkún, ṣùgbọ́n òun ronú pé ikú ìyàwó òun dà bí ìgbà tí òjò ń gbapò lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Òun kò sì lè máa bá ìgbà jà. Àwọn ará Ṣáínà ka ìtàn méjèèjì sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wá wo òkú àgbà lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ mọ ohun tó tọ́ sí wọn láti ṣe, àwọn àna mọ ohun tí wọ́n á gbé wá, àwọn obìnrin ilé mọ oríkì tó yẹ kí wọ́n ki, ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan sì hàn kedere bí Kongzi ṣe fẹ́. Lọ́jọ́ kan náà, ìlù ń dún, ijó ń lọ, ènìyàn ń yọ̀ pé baba sùn, kò kú, gẹ́gẹ́ bí Zhuangzi ṣe kọrin. Òkú ọ̀dọ́ nìkan ni a kì í jó sí, nítorí ọ̀fọ̀ ni. A kò pín ẹkún àti ìlù sí ọwọ́ ènìyàn méjì. Ọmọ olóòkú kan náà ló ń gbé méjèèjì.

Bákan náà ni agbára ìlú ṣe ń lo ọ̀nà méjèèjì. Ní Ṣáínà, àwọn ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé Han tẹ̀ sí ọ̀nà Dao: Wendi àti Jingdi dín ìṣákọ́lẹ̀ kù sí ìdá kan nínú 30, kí ilẹ̀ lè sinmi lẹ́yìn ogun. Wudi, tó jọba láti 141 sí 87 ṣáájú ìbí Kristi, padà sọ́dọ̀ Kongzi. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ lọ́dún 124 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 50, láti ibẹ̀ ni ọ̀nà sì ti là fún ìdánwò ìjọba tí kò dópin títí di ọdún 1905. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọba tó yege ìdánwò Kongzi ló ń ka Zhuangzi nínú iyàrá wọn lálẹ́. Tao Yuanming fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ lọ́dún 405 lẹ́yìn ìbí Kristi, ó padà sóko, ewì rẹ̀ sì di ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ọba fi ń tu ara wọn nínú fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Òpìtàn Sima Qian tilẹ̀ kọ ọ́ pé Kongzi fúnra rẹ̀ lọ kí Laozi láti gba ẹ̀kọ́. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, ìtàn náà fi hàn pé àwọn tó ń pa á kò fẹ́ kí méjèèjì jẹ́ ọ̀tá.

Ní Òkukù, Olókukù, ọba ìlú, ló so ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Adé ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, tí òǹkọ̀wé Ulli Beier ṣe odindi ìwé lé lórí lọ́dún 1982, jẹ́ ẹ̀rí ọ̀nà ilé: inú ìdílé ọba ló ti ń bọ̀ láti ìran dé ìran. Ṣùgbọ́n gbogbo olórìṣà ìlú ló ń wá sí ààfin bí ọdún wọn bá dé, ọba kò sì lè ní ti ọ̀kan nìkan ni tòun. Nígbà ọdún òrìṣà Olóòkù, àwọn obìnrin ààfin á ki àwọn ọba tó ti wàjà, ọba á sì bá àwòrò Olóòkù wọ ìjàkadì ní gbangba. Ẹni tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún láti ọdún dé ọdún á gbá ẹlòmíràn mú, ara sí ara, níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Lójú tèmi, ìlú kò lè wí i ju báyìí lọ pé agbára ọba kò gbọdọ̀ jìnnà sí ohun tí ìlú ń bọ.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù wà níbi tí a tọ́jú ọgbọ́n náà sí. Ṣáínà tọ́jú tiwọn sínú ìwé, ìwé náà wà lọ́wọ́ ọkùnrin, ìjọba sì ń fi ìdánwò ṣọ́ ọ. Obìnrin wà lábẹ́ baba, lẹ́yìn náà lábẹ́ ọkọ, lẹ́yìn náà lábẹ́ ọmọkùnrin rẹ̀. Ní Òkukù, ẹnu àwọn obìnrin ni ìtàn ilé wà. Aya tó ti ilé mìíràn wá ló mọ oríkì ilé ọkọ rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọmọ ilé lọ, ó sì tún ní ti ilé bàbá rẹ̀ lórí. Ohun tí Barber kọ sínú ìwé ńlá rẹ̀ ti 1991 nìyí: àwọn obìnrin ló mú ìlú yìí mọ ara rẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé oríkì kì í gan. Ó ń fàyè gba ìtàn méjì lórí ọ̀rọ̀ kan, ó ń yin olówó, ó sì ń rántí àbùkù rẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé bí ìyá àgbà bá lọ láìkọ́ ẹnikẹ́ni, odindi ilé ló bá a lọ.

Ewu yìí ló ká mi lára jù. Ẹ̀sìn Kristi àti Ìmàle ti gba ààyè tí òrìṣà wà tẹ́lẹ̀, èyí kò sì lòdì sí ọ̀nà àwọn baba wa, nítorí òrìṣà ṣeé yàn látìbẹ̀rẹ̀. Ọba Moses Oyinlọlá, tó wà lórí oyè Olókukù láti 1934 sí 1960, Kristẹni ni, ìlú kò sì pàdánù adé rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ohun tó lòdì ni ìwàásù tó ní ẹni tó bá yan Ọlọ́run tuntun gbọ́dọ̀ kọ ilé rẹ̀: kó má gbọ́ oríkì, kó sá fún egúngún bàbá rẹ̀, kó ka odò tó ń mu omi rẹ̀ sí ilé èṣù. Ìwàásù bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi ìdáhùn kejì pa àkọ́kọ́.

Ṣáínà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Lóṣù kọkànlá ọdún 1966, àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀ṣọ́ Pupa, tí ìjọba wà lẹ́yìn wọn, ya wọ Qufu, wọ́n fọ́ òkúta ìrántí, wọ́n sì hú sàréè ìdílé Kongzi. Kò tó ogójì ọdún tí ìjọba kan náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Kongzi dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ káàkiri ayé, láti ọdún 2004. Ọ̀kan wà ní Yunifásítì Èkó. Wọ́n lè padà nítorí pé ìwé wà. Àwa kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí a lè padà sí. Ohun tí a ní ni àwọn ìyá tó ṣì wà láàyè lónìí ní Òkukù, ní Ìnísà àti ní Ìkirun. Kí ọmọ tó ní fóònù lọ gba ohùn ìyá rẹ̀ àgbà sílẹ̀. Kí àwọn ilé-ìwé ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn jẹ́ kí àwọn ọmọ ki oríkì ilé wọn ní kíláàsì Yorùbá, kí Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ máa kì í. Kí pásítọ̀ àti àfáà sọ fún àwọn ọmọ ìjọ wọn pé orílẹ̀ ẹni kì í ṣe ẹ̀sìn tí ènìyàn ń kọ̀. Ẹni tó mọ ilé rẹ̀ ni yóò lè yan ohun tí yóò sìn pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.